Ta Ló Ní Kí Irin Má Kan Kókó Ọyàn?

"Ẹ má jẹ́ kí irin kàn án o!" Ìmọ̀ràn tí obìnrin máa ń kọ́kọ́ gbà ní àdúgbò wa nìyí, bó bá ti fẹnu kàn án pé òun rí kókó nínú ọyàn òun. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ìkòtún. Mo ti gbọ́ ọ nínú dáńfó láti Ìyànà-Ìpájà sí Ẹ̀gbẹ́dá. Mo tún ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé dé yunifásítì. Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ bá kan kókó náà, yóò bínú, yóò sì tàn ká gbogbo ara. Wọ́n ní ó ṣe ìyá lágbájá bẹ́ẹ̀, ó ṣe ìyàwó tàmẹ̀dù bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń pa àwọn ìyá wa. Òun nìkan kọ́ ló ń pa wọ́n, mo máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù, títí kan àwọn tó yẹ kó gbà wọ́n là. Ṣùgbọ́n òun ló ń ti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ mọ́ obìnrin lójú.

Àwọn kan nínú kíláàsì wa bi mí pé kí ló kan ọmọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ ọyàn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn mí. Ọkùnrin náà ń ní jẹjẹrẹ ọyàn. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá ní in, bí ẹnì kan máa ń jẹ́ ọkùnrin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Alímòṣọ́, ọkùnrin ló ń sọ pé "ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ" tàbí "ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná." Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń ṣe, nítorí mo ti rí i pé àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ jù lọ kò mọ̀ ọ́n.

Dókítà kì í ṣàdédé gún obìnrin. Yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ yẹ ọyàn àti abẹ́ abíyá rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹ̀rọ sikáànù wò ó, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aláboyún. Ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú ara. Bí ìró náà bá ṣe ta padà ni ẹ̀rọ yóò ṣe ya àwòrán sójú tẹlifíṣàn kékeré tó wà lórí rẹ̀. Nínú àwòrán yìí, omi máa ń dúdú kirimú. Bó bá jẹ́ àpò omi lásán ló wú nínú ọyàn, dókítà á ti rí i níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì lè parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ kókó líle, pàápàá èyí tí etí rẹ̀ rí págunpàgun, abẹ́rẹ́ ló kàn.

Wọ́n á kọ́kọ́ gún un ní abẹ́rẹ́ kékeré tí yóò mú ojú ibẹ̀ kú. Wọ́n á wá la awọ ara díẹ̀, ojú ibẹ̀ kò fẹ̀ tó èékánná ọmọńdinrín. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó ní ihò nínú yóò gbà wọlé, abẹ́rẹ́ tí kò nípọn ju ọ̀pá yíǹkì inú báírò lọ. Dókítà fi ọwọ́ kan di orí ẹ̀rọ sikáànù mú, ó fi ọwọ́ kejì di abẹ́rẹ́ mú. Ó ń wo abẹ́rẹ́ náà lójú àwòrán bó ṣe ń lọ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi dé etí kókó. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dún "tá!" bíi sitépúlà, abẹ́rẹ́ sì gé ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ègé sùpàgẹ́tì kékeré. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á kó ẹran náà sínú ìgò tí omi fọ́málìnì wà nínú rẹ̀ kó má baà bàjẹ́, wọ́n á tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, wọ́n á lẹ pílásítà mọ́ ọn. Obìnrin náà á wọ bùbá rẹ̀, á sì lọ sílé. Wọn kò kùn ún lóorun, wọn kò dá a dúró mọ́jú. Ibẹ̀ lè wú díẹ̀, kó sì dúdú fún ọjọ́ mélòó kan.

Àyẹ̀wò tí àwọn oníṣègùn ń pè ní biopsy nìyẹn. Nígbà tí àwòrán bá ń darí abẹ́rẹ́ báyìí, dókítà mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tí kò bá sí àwòrán, ọwọ́ nìkan ló fi ń wá kókó náà, ó sì lè gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó gba ẹran rere, kí wọ́n wá sọ fún obìnrin pé kò sí nǹkan kan. Bí kókó bá ṣe kéré tó ni ewu yìí ṣe pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá kéré gan-an ló yẹ ká mú un. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àwọn èyí tó jẹ́ pé kò tíì di kókó rárá, tí ó kàn rí bí iyẹ̀pẹ̀ funfun tínńtín nínú fọ́tò mammogram, wọ́n ní ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo fọ́tò náà láti darí abẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀.

Ìgò fọ́málìnì yìí á lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn, ẹni tí obìnrin náà lè má rí láéláé. Ìyẹn á gé ẹran náà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, á pa á láró, á fi maikirosikóòpù wò ó. Òun ni adájọ́. Ọwọ́ kò lè dájọ́ náà, sikáànù kò lè dá a, wòlíì kò lè dá a. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ń dá obìnrin láre! Ní Amẹ́ríkà, nínú obìnrin 5 tí wọ́n bá gba ẹran ọyàn wọn wò báyìí, bí 4 ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa ni kókó kan tí wọ́n ń pè ní fibroadenoma, tó máa ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí a bá fọwọ́ kàn án, kì í sì í pa ènìyàn. Ẹ wo iye òru tí àwọn obìnrin tí kò ní nǹkan kan ń fi sunkún nítorí pé ẹnì kan ní kí irin má kàn án.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti wá, n kò sì fi àwọn tó gbà á gbọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n rí nǹkan kan lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan rí kókó lóṣù kìíní. Ó fi òrí pa á. Lóṣù kẹta ó ra àgbo. Lóṣù karùn-ún ó lọ fún ìtúsílẹ̀ lórí òkè. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹsàn-án, ọyàn ti le, awọ rẹ̀ ti rí bí èèpo ọsàn, kókó mìíràn ti yọ lábẹ́ abíyá. Ìgbà náà ló tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba ẹran rẹ̀ wò, àrùn ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ó kú lóṣù kejìlá. Àwọn aládùúgbò wá ṣírò: abẹ́rẹ́ lóṣù kẹsàn-án, ikú lóṣù kejìlá, abẹ́rẹ́ ló pa á. Kò sẹ́ni tó ka oṣù mẹ́jọ tí àrùn náà fi ń jẹ ẹ́ láìsí irin kankan nítòsí. Bó bá jẹ́ irin ló ń tan àrùn ká, kí ló tàn án dé abẹ́ abíyá kí irin tó dé?

Àwọn oníṣègùn náà ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí, wọn kò kàn fojú fò ó. Wọ́n rí i pé abẹ́rẹ́ lè gbé ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kúrò láyè wọn sí ojú ọ̀nà tó gbà kọjá. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ló ń kú síbẹ̀, àti pé abẹ́rẹ́ náà kì í mú kí ikú obìnrin yá ju bó ṣe yẹ kó rí lọ. Ẹni tó bá ní òun ń bẹ̀rù sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó ṣí kúrò láyè, tó wá fi gbogbo kókó sílẹ̀ láti máa dàgbà, ó dà bí ẹni tó ń sá fún ìrì tó lọ kó sódò.

Ẹ tún gbọ́ ìdí mìíràn tí ọ̀rọ̀ "irin" yìí fi ń bí mi nínú. Àwọn ènìyàn kan náà tó ń sá fún abẹ́rẹ́ máa ń gbà fún ọ̀bẹ! Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Àbúrò màmá mi ń ta aṣọ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Ó rí kókó kan bí i kóró àgbálùmọ̀ nígbà tó ń wẹ̀, ó sì gbìyànjú, kò fi falẹ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Dókítà ibẹ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ní nǹkan kékeré ni, òun á gé e kúrò lọ́la. Kò sí sikáànù, kò sí abẹ́rẹ́. Wọ́n gé e. Wọ́n gba owó. Ojú ọgbẹ́ jinná dáadáa, Àǹtí ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè pé ẹran tí wọ́n gé dà, nítorí nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kí a bi wọ́n.

Oṣù keje lẹ́yìn náà, kókó mìíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọgbẹ́ àtijọ́. Èmi ni mo tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní òdìkejì ìlú, nítorí pé èmi ni mo lè ka fọ́ọ̀mù kí n sì dúró lórí ìlà láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ohun tí dókítà tó rí wa kọ́kọ́ béèrè ni pé: "Ẹ mú èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé nígbà yẹn wá." A wo ara wa lójú. Èsì wo? Wọ́n ti sọ ẹran náà nù. Àrùn náà ti wà nínú ike ìdalẹ̀sí fún oṣù méje, ẹnikẹ́ni kò bi í ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣe sikáànù fún un, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba ẹran, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nípa ìró sitépúlà yẹn, ó ní ìró náà ló ba òun lẹ́rù, kì í ṣe ìrora. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé: jẹjẹrẹ ni. Ó ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ báyìí. Irun rẹ̀ ti re, ó ń wé gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó bá lókun.

Ṣé irin ló ṣe é? Rárá. Ọ̀bẹ tó ṣíwájú ìmọ̀ ló ṣe é. Ẹni tó bá gé kókó láì kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ kò lè mọ ibi tó yẹ kí òun gé dé, kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun yẹ abẹ́ abíyá wò, kò mọ̀ bóyá oògùn ló yẹ kó ṣíwájú iṣẹ́ abẹ. Mo gbàgbọ́ pé ilé ìwòsàn tó bá gé ẹran lára ènìyàn tí kò fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ti ṣe ohun tí ó yẹ kí òfin mú un fún, bí ẹran náà tilẹ̀ kéré bí ẹ̀wà.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun, àwọn obìnrin mìíràn ti jà á rí. Ní Amẹ́ríkà títí di nǹkan bí ọdún 1970 sókè, bí obìnrin bá ní kókó ọyàn, wọ́n á kùn ún lóorun, wọ́n á gé díẹ̀ wò, bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á gé gbogbo ọyàn náà kúrò kó tó jí. Obìnrin á sùn láì mọ̀ bóyá òun máa jí pẹ̀lú ọyàn méjì tàbí ọ̀kan. Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Rose Kushner rí kókó nínú ọyàn tirẹ̀ ní ọdún 1974, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò ní ṣe òun bẹ́ẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹran wò, kí òun jí, kí òun gbọ́ èsì, kí òun sì fẹnu ara òun sọ ohun tí òun fẹ́. Àwọn dókítà bínú sí i. Ní ọdún 1979, ìgbìmọ̀ ìjọba lórí ìlera lọ́hùn-ún gbà pé òótọ́ ló sọ. Láàárín ọdún 1990 sí 1995 ni abẹ́rẹ́ tí sikáànù ń darí wá gbilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò nílò ọ̀bẹ rárá láti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹ wò ó, ẹ̀tọ́ tí obìnrin kan jà fún ní ọdún 1974, àǹtí mi kò rí i gbà ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Àwọn kan á ní, "Ká ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ká bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kí ni gbogbo àyẹ̀wò yìí?" Jẹjẹrẹ ọyàn kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Lára ẹran tí abẹ́rẹ́ gbà ni wọ́n ti ń wo bóyá àwọn omi ara obìnrin, ẹ́sítírójìn àti purojẹ́sítírónì, ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, àti bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní HER2 pọ̀ jù lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ́sítírójìn ló ń bọ́ ọ, tamoxifen wà, oògùn oníkóró tí obìnrin lè máa lò nílé. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tamoxifen kò ní ran an lọ́wọ́ rárá, oògùn tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ló nílò, kíákíá sì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Chicago, wà lára àwọn tó fi ìwádìí hàn pé irú èyí tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju lára àwọn òyìnbó lọ, àti pé àwọn obìnrin wa ń ní jẹjẹrẹ ọyàn lọ́jọ́ orí tó kéré sí tàwọn òyìnbó. Àwa gan-an ló yẹ kí á má ṣe ìtọ́jú àfọjúdá. Ẹni tó ń fún obìnrin ní oògùn jẹjẹrẹ láìsí èsì yìí, oríire ló ń wá.

N kò fẹ́ kí àwọn òbí mi nínú ìgbàgbọ́ ṣì mí gbọ́. Èmi náà ń gbàdúrà. Àmọ́ n kò tíì rí ibi tí Ọlọ́run ti ní ká má yẹ ẹran wò. Pásítọ̀ tàbí álífáà tó bá ní kí obìnrin dúró ogójì ọjọ́ kó tó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó bá a gbàdúrà náà lórí ìlà ilé ìwòsàn. Àwọn alágbo ńkọ́? Wọn kì í gba ẹran wò, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wò sàn, síbẹ̀ wọ́n ń sọ gbohùngbohùn káàkiri rọ́ńdábáòtù Ìkòtún pé àwọn ń wo jẹjẹrẹ sàn. Bí kókó obìnrin kan bá jẹ́ àpò omi tó gbẹ fúnra rẹ̀, àgbo ló gba ìyìn.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí àwọn aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí n kọjú sí àwọn tó ní agbára, nítorí bí a bá tilẹ̀ yí ọkàn gbogbo obìnrin Alímòṣọ́ padà lọ́la, tí wọ́n ní "ó yá, ẹ gún wa," ibo ni wọ́n máa lọ?

Ìkànìyàn ọdún 2006 ní àwa ará Alímòṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, pé a ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó wa ní Èkó. Ojú gbogbo wa ń wo Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímòṣọ́ tó wà ní Ìgándò. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti jẹjẹrẹ, orúkọ tí a máa ń gbọ́ ni LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹni tó bá ti fi dáńfó lọ láti Ìgándò sí Ìdí-Àràbà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin tó ń tajà á lọ lọ́jọ́ kan fún káàdì, á padà lọ fún sikáànù, á padà lọ fún abẹ́rẹ́, á padà lọ fún èsì. Ọjọ́ mẹ́rin láìta ọjà, owó ọkọ̀ ìlọ́po mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹta, kò ní lọ mọ́. Àwa á sì ní kò gbọ́n.

Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 2021 lórí jẹjẹrẹ ọyàn. Ohun kan tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè ni pé láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, kò gbọdọ̀ ju 60 ọjọ́ lọ kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ìyá Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ní ìlú London lè rí dókítà, kí wọ́n ya àwòrán ọyàn rẹ̀, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gba ẹran wò, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nínú ilé ìwòsàn kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni òun àti ìyá tó wà ní Ìdímù. Ìṣirò àwọn tó ń ka iye jẹjẹrẹ lágbàáyé ní ọdún 2020 ni pé obìnrin 28,380 ló ní jẹjẹrẹ ọyàn ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn, àwọn 14,274 sì kú. Ìdajì! Ní Amẹ́ríkà, nínú obìnrin 10 tó ní in, bí 9 ló ṣì ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Wọ́n á ní kò sí owó. Mo ti retí ìyẹn. Ẹ rìn láti Ìkòtún dé Ìgándò kí ẹ ka pátákó "Scan Here" tó wà lójú títì. Ẹ̀rọ sikáànù ti wà láàárín wa, wọ́n ń fi wo oyún lójoojúmọ́. Ohun tó kù ni orí ẹ̀rọ tó bá ọyàn mu, abẹ́rẹ́, ìgò fọ́málìnì, àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ náà ṣeé kọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Memorial Sloan Kettering ní New York, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní African Research Group for Oncology, ti ń kọ́ àwọn dókítà Nàìjíríà bí a ṣe ń fi sikáànù wo ọyàn àti bí a ṣe ń fi í darí abẹ́rẹ́. Ifẹ̀ ni mo sọ o, kì í ṣe London.

Dókítà tó ń fi maikirosikóòpù wo ẹran kò pọ̀, lóòótọ́. Kò pọn dandan kó jókòó sí Ìgándò. Ìgò lè wọ ọkọ̀ lọ bá a ní Ìkẹjà, fọ́málìnì á pa ẹran mọ́ dé ibẹ̀, èsì á sì gba orí fóònù padà wá sọ́dọ̀ dókítà. Ìgò ló yẹ kó máa rìnrìn àjò, kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin.

Ohun tí mò ń béèrè kò ju èyí lọ: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn gbogbogbòò Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìgándò, tí obìnrin tó bá ní kókó ọyàn á dé, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọn á ya àwòrán, wọn á gba ẹran, lọ́jọ́ náà. Kí ẹni tó bá ní káàdì ìlera Ìlera Èkó má san kọ́bọ̀ lórí abẹ́rẹ́ náà àti lórí iṣẹ́ maikirosikóòpù rẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ olówó ńlá, mo sì dúpẹ́ fún un. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ àwọn ẹ̀rọ yẹn láìkọ́kọ́ ní ìwé tí abẹ́rẹ́ kékeré yìí ń mú wá. A kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a kò ṣe àkàbà.

Ní ti ẹ̀yin òbí wa, bí ilé ìwòsàn kankan bá ní "a máa gé kókó náà," ẹ bi wọ́n: Ṣé ẹ ti ya àwòrán rẹ̀? Kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gba ẹran wò? Bí ẹ bá gé e, ibo lẹ ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ọjọ́ wo ni ìwé èsì máa dé? Bí wọ́n bá bínú, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ sì tọ́jú ìwé èsì náà bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Lọ́dọọdún ní oṣù kẹwàá, àwọn kan máa ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ píńkì àti ríbọ́nì. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe máa fọwọ́ yẹ ọyàn wọn wò, wọ́n ń pín omi inú ọ̀rá, wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀gá àgbà, wọ́n á lọ. Kò burú. Bí wọ́n bá tún dé lọ́dún yìí, mo máa nawọ́ sókè. Mo máa bi wọ́n pé ọmọbìnrin tó bá rí kókó náà lọ́la, ibo ló máa lọ ní Alímòṣọ́, ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ náà níbẹ̀, èló ni, ta ni yóò sì san án. Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa, kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí n dúró lórí ìdúró títí wọ́n á fi dáhùn.